Dark Side of the Moon: ṣé etí mi ni kò dára ni, àbí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń díbọ́n?

Ọ̀dọ́kùnrin kan láti Abẹ́òkúta ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́. Mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ̀gbọ́n màmá mi tó ń gbé ní ìlú Ọba wálé ní Kérésìmesì, ó sì fún mi ní àwo orin ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan tó ń jẹ́ Pink Floyd, Dark Side of the Moon ni orúkọ àwo náà. Ó ní òun ti ní in láti ìgbà tí òun wà níléèwé, pé kò sí àwo rọ́ọ̀kì tó tó o. Mi ò ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àwo, torí náà mo lọ gbọ́ ọ lórí fóònù. Ká sòótọ́, mi ò rí ohun tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ pariwo. Ó dákẹ́ títí kó tó bẹ̀rẹ̀, aago kan ṣàdédé han mọ́ mi létí, obìnrin kan ń ké láìsọ ọ̀rọ̀ kankan, àwọn orin mìíràn sì gé láàárín. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì tún rí àmì onígun mẹ́ta tó wà lára páálí rẹ̀, ó ní ti ẹgbẹ́ òkùnkùn ni, kí n dáná sun ún. Ṣé etí mi ni kò dára ni, àbí àwọn olólùfẹ́ àwo yìí ń díbọ́n? Ẹ̀gbọ́n màmá mi máa pè láti béèrè bí mo ṣe gbádùn rẹ̀ sí. Kí ni kí n sọ?"

Àbúrò mi, etí rẹ kò ṣe nǹkan kan. Àwọn olólùfẹ́ náà kò sì díbọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àsọdùn wọn pọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kì í ṣe àwo tí wọ́n ń yìn lo gbọ́. Fóònù rẹ ti gé e wẹ́wẹ́, ó ti yọ ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò, ó sì ti da apá ọ̀tún pọ̀ mọ́ apá òsì kó tó dé etí rẹ. Ìdí mixer, ẹ̀rọ tí a fi ń po ohùn orin pọ̀, ni mo ti ń jẹun. Mo ti ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti ṣe ti òde àríyá, mo ti ṣe ti sítúdíò, mo sì ti rí i léraléra pé ẹ̀rọ burúkú ló máa ń sọ orin gidi di ariwo létí ènìyàn. Màá ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ, kí àwo má baà jóná ká tó débẹ̀.

Nǹkan onígun mẹ́ta yẹn, gíláàsì ni. Irú èyí tí olùkọ́ físíìsì máa ń gbé síwájú iná nílé ẹ̀kọ́ girama ni: ìmọ́lẹ̀ funfun wọlé láti ẹ̀gbẹ́ kan, ó jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì ní àwọ̀ òṣùmàrè. Isaac Newton ti fi irú rẹ̀ ṣàlàyé ìmọ́lẹ̀ láti ohun tó lé ní 300 ọdún sẹ́yìn. Hipgnosis, ilé iṣẹ́ Storm Thorgerson àti Aubrey Powell ní Lọ́ńdọ̀nù, ló gbé páálí náà kalẹ̀, George Hardie ló sì yà á. Richard Wright, tó ń tẹ dùrù fún ẹgbẹ́ náà, ló ní kí wọ́n ṣe nǹkan tó mọ́ tónítóní tí kò ní wàhálà nínú, wọ́n sì mú ìmọ́lẹ̀ torí pé iná orí ìtàgé Pink Floyd lókìkí nígbà náà. Bí o bá ka àwọ̀ tó jáde, mẹ́fà ni wàá bá, kì í ṣe méje. Wọ́n fo àwọ̀ aró. Ṣí páálí náà sí méjì, wàá rí i pé àwọn ìlà àwọ̀ náà kọjá sínú, ọ̀kan nínú wọn sì ń fò sókè sódò bí èyí tí ẹ̀rọ máa ń yà ní ọsibítù bí wọ́n bá ń yẹ ọkàn ènìyàn wò. Má gbàgbé ìlà yẹn, a máa padà sí i.

Ti àkọlé náà ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ń bọ òṣùpá níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ wèrè ni. Syd Barrett ni olórí ẹgbẹ́ náà ní ìbẹ̀rẹ̀, òun ló ń kọ orin fún wọn. Oògùn olóró wọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, orí rẹ̀ dàrú, nígbà tó sì di 1968 wọn kò lè bá a ṣe mọ́. Àwọn tó kù ń bá iṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fojú rí yẹn kò kúrò lọ́kàn wọn. Roger Waters, tó ń ta gìtá ohùn ìsàlẹ̀, ló kọ gbogbo ọ̀rọ̀ orin àwo yìí, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnì kan ṣoṣo máa kọ gbogbo rẹ̀ fún wọn nìyẹn. Ohun tó sì kọ lé lórí ni àwọn nǹkan tó lè yí orí ọmọ ènìyàn: àkókò tó ń lọ, owó, ìrìnàjò, ogun, ikú. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá jókòó ka ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn, yóò rí i pé ohun tí pásítọ̀ ń wàásù lé lórí lọ́jọ́ Sunday náà ni. Ìdáhùn wọn lè máà bá tirẹ̀ mu, ìyẹn sì jẹ́ ohun tí ènìyàn lè jiyàn lé lórí láìsí ìṣáná.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ìdákẹ́jẹ́. Òun gan-an ló jẹ́ kí n mọ irú fóònù tí o fi gbọ́ ọ. Àwo yẹn kò dákẹ́ níbẹ̀rẹ̀. Ìlù ọkàn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: gbì-gbì, gbì-gbì, ìlù ńlá tí wọ́n dí lójú kí ohùn rẹ̀ lè rọ̀, tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, tó ń sún mọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ pátápátá ni. Spíkà inú fóònù kò ju èékánná lọ, kò lè ti afẹ́fẹ́ tó pọ̀ tó láti gbé irú ohùn bẹ́ẹ̀ jáde, nítorí náà kò gbé e rárá. O jókòó, o ń retí, o rò pé orin kò tíì bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìlù ọkàn, aago bẹ̀rẹ̀ sí í ró, ẹ̀rọ ìgbowó ilé ìtajà ń dún, ọkùnrin kan ń sọ pé òun ti ya wèrè ọjọ́ ti pẹ́, ẹlòmíràn ń rẹ́rìn-ín, obìnrin kan figbe ta, lẹ́yìn náà ni gìtá wá balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ìró yẹn tí kò ní padà wá. Aago ń bọ̀, owó ń bọ̀, ẹ̀rín wèrè ń bọ̀, obìnrin náà ń bọ̀, nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá sì parí tán, ìlù ọkàn kan náà ló máa gbé e lọ. Ẹni tí kò gbọ́ ọ níbẹ̀rẹ̀ kò lè mọ̀ pé òun ló padà dé lópin, kò sì lè mọ ohun tí ìlà inú páálí yẹn ń ṣe níbẹ̀.

Èkejì ni àwọn orin tí o ní wọ́n gé láàárín. Ẹni tó ṣe é kò gé e. Fóònù rẹ ló gé e. Orin mẹ́wàá ló wà níbẹ̀ lórúkọ, gbogbo rẹ̀ tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 43, ṣùgbọ́n ojú kìíní àwo jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo láti Speak to Me títí dé The Great Gig in the Sky, ojú kejì náà jẹ́ ọ̀nà kan láti Money títí dé Eclipse. Ibi tó ti sinmi kò ju ibi tí a ti ń yí àwo padà. Bí o bá ń gbọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìpolówó á já wọ àárín. Bí shuffle, ètò tó ń da orin rú, bá sì wà lórí, òpin á ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀. Ìwọ ọmọ Yorùbá ló yẹ kí èyí tètè yé jù. Lọ wo àwo Ebenezer Obey tàbí ti Sunny Adé láti àwọn ọdún 1970 nílé bàbá rẹ àgbà. Orin mélòó kan ni wọ́n so pọ̀ lójú kan, gìtá kò dúró, ìlù kò dúró, wọ́n bọ́ láti orí àdúrà sí orí ìyìn olówó, láti orí ìyìn olówó sí orí ọ̀rọ̀ ọgbọ́n, ẹni tó ń jó kò sì mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Kò sẹ́ni tó máa já àárín irú àwo bẹ́ẹ̀ gbọ́, kó wá ní orin náà kò lórí. Òyìnbó tó fi orin oníṣẹ́jú mẹ́ta inú rédíò dàgbà ni nǹkan yìí jẹ́ tuntun fún. Àwa ti ń jókòó gbọ́ ojú àwo kan tán tipẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀tún àti òsì, ibẹ̀ sì ni aago tó dẹ́rù bà ọ́ wà. Orin kẹta, On the Run, kò ní ọ̀rọ̀ orin. Wọ́n tẹ ohùn mẹ́jọ péré sínú synthesizer (ẹ̀rọ oníná tó ń dá ohùn orin) kékeré kan tó ń jẹ́ EMS Synthi AKS, tó wọ inú àpótí ìfàlọ́wọ́, wọ́n sì mú un sáré títí àwọn ohùn náà fi ń yí bíríbírí. Lórí rẹ̀ ni wọ́n to ariwo pápákọ̀ òfurufú sí, àti ẹsẹ̀ ẹnì kan tó ń sáré, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tó ń kọjá láti etí rẹ kan bọ́ sí ìkejì. Ìbẹ̀rù ìrìnàjò ni gbogbo rẹ̀. Nínú spíkà ẹyọ kan, kò sẹ́ni tó ń sáré lọ síbì kankan. Ariwo lásán ni. Lẹ́yìn náà ni nǹkan bú gbàmù, ohùn ń rẹ̀ sílẹ̀, o rò pé ó ti tán, ni gbogbo aago bá dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí o lè fò ni! Alan Parsons, ẹnjiníà wọn ní sítúdíò Abbey Road, ló lọ gba ohùn aago wọ̀nyẹn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta aago àtijọ́. Kò gbà á fún Pink Floyd. Ó fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ bí ohùn ṣe lè ti spíkà mẹ́rin wá lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n ń ṣe orin tó dá lórí àkókò, ó gbé e wá fún wọn. Orin tó tẹ̀ lé e, Time, ń sọ̀rọ̀ ẹni tó rò pé ọjọ́ ṣì pọ̀ níwájú, tó sì jí lọ́jọ́ kan rí i pé wọ́n ti lọ. Waters kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún nígbà tó kọ ọ́. Ìdí nìyí tí àwọn arúgbó fi ń sunkún sí i: wọ́n gbọ́ ọ ní ọmọdé, wọn kò kà á sí, wọ́n wá gbọ́ ọ ní ọgọ́ta ọdún.

Obìnrin tó ń ké láìsọ̀rọ̀, Clare Torry lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún 25 ni, akọrin tí wọ́n ń pè síṣẹ́ ní sítúdíò, ó gba iṣẹ́ kó tó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Ọjọ́ Sunday kan ní oṣù January 1973 ni wọ́n mú un wọlé. Wright ti ta piano náà sílẹ̀. Wọ́n sọ fún un pé orin ikú ni, pé kò sí ọ̀rọ̀, kó kọ ohun tó bá wá sí i lọ́kàn. Ó kọ́kọ́ fẹ́ máa fi ọ̀rọ̀ sí i bí àwọn akọrin soul ṣe ń ṣe, wọ́n ní rárá. Ó wá pinnu pé kí òun fi ara òun ṣe irinṣẹ́ orin. Ó kọ ọ́ ní ìgbà díẹ̀, ojú tì í, ó rò pé wọn kò ní lò ó, ó gba £30 rẹ̀, ó sì lọ sílé. Nígbà tí àwo jáde ló tó rí orúkọ ara rẹ̀ lórí páálí. Mo ń sọ èyí kí o lè padà lọ gbọ́ ọ: ní ìdajì àkọ́kọ́, ó ń bá ikú jà, ó ń pariwo mọ́ ọn, lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó gbà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Lójú tèmi, òun ni òkè téńté àwo yìí, mo sì mọ àwọn olólùfẹ́ tó máa bá mi jà lórí ìyẹn torí gìtá Time. Lábẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tí kò dára: wọn kò kà á mọ́ àwọn tó ni orin náà fún ọgbọ̀n ọdún. Ó gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ ní 2004, wọ́n parí rẹ̀ nítùbí-ìnùbí ní 2005, láti ìgbà náà ni orúkọ rẹ̀ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Wright gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ ọ́.

Money ló máa dùn mọ́ ọ jù bí o bá mọ ijó. Gbọ́ ìró owó tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Waters da owó ẹyọ sínú abọ́ ńlá tí ìyàwó rẹ̀ fi ń po amọ̀ ìkòkò, ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n fi ìró bébà tí wọ́n fà ya àti ti ẹ̀rọ ìgbowó kún un. Kò sí kọ̀ǹpútà láyé ìgbà yẹn. Rúlà ni wọ́n fi wọn tépù, wọ́n gé e lọ́gbọọgba sí ìró méje, wọ́n lẹ̀ wọ́n pọ̀, wọ́n sì so ìrù rẹ̀ mọ́ orí kó lè máa yí lọ. Fi ẹsẹ̀ kà á mọ́lẹ̀: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà, méje, ó padà sí ọ̀kan. Orin òde máa ń jẹ́ mẹ́rin-mẹ́rin. Bí o bá wá ń jó Money bí o ṣe ń jó ti òde, ní ìgbà kejì ẹsẹ̀ rẹ máa wà lókè nígbà tó yẹ kó wà nílẹ̀. Fèrè saxophone Dick Parry ṣì ń bá méje yẹn lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan David Gilmour láti dá gìtá ta, wọ́n yí i padà sí mẹ́rin, orin náà sì tú jáde, ó gbéra sọ, kí wọ́n tó tún fà á padà sínú méje. Ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ kò lè ka ìṣirò yìí fún ọ. Wọ́n kàn mọ̀ pé tó bá dé ibẹ̀, ara wọn máa ń gbọ̀n rìrì.

Us and Them kò nílò àlàyé púpọ̀, ó rọ̀ bí orin tí a fi ń pọn ọmọ. Wright ti ṣe piano rẹ̀ tẹ́lẹ̀ fún fíìmù Michelangelo Antonioni kan tó jáde ní 1970, olùdarí náà kò gbà á, wọ́n tọ́jú rẹ̀ síbi kan. Ohun tó yẹ kí o mọ̀ nínú apá kejì yìí ni àwọn tó ń sọ̀rọ̀ káàkiri lábẹ́ orin. Kì í ṣe òṣèré ni wọ́n. Waters kọ ìbéèrè sórí káàdì: ìgbà wo lo bá ènìyàn jà kẹ́yìn, ṣé ìwọ lo jàre, ṣé o ń bẹ̀rù ikú? Ó pe ẹnikẹ́ni tó bá wà ní sítúdíò kó wá dáhùn, wọ́n ń gbà á sílẹ̀. Ohùn àgbàlagbà ará Ireland tí o gbọ́ lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, tó ní òṣùpá kò ní apá dúdú kan lọ́tọ̀, pé gbogbo rẹ̀ ló dúdú, Gerry O'Driscoll ni, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà Abbey Road. Wọ́n bi Paul McCartney náà léèrè, òun tó wá gba orin sílẹ̀ ní sítúdíò EMI lÉkòó ní ọdún 1973 kan náà, wọn kò lo tirẹ̀. Ó ti lajú jù, ó ń ṣọ́ ẹnu. Ọ̀rọ̀ olùṣọ́nà ló wọlé, ti ìlúmọ̀ọ́ká wà níta. Mo fẹ́ràn ìyẹn púpọ̀.

O lè bi mí pé kí ló dé tí àwo yìí fi so pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí àwo rọ́ọ̀kì oníṣẹ́jú gígùn mìíràn láyé ìgbà náà sì ń wọ́ sílẹ̀? Ìdáhùn mi ni pé wọ́n ti lò ó kí wọ́n tó gbà á sílẹ̀. Láti January 1972 ni wọ́n ti ń ta gbogbo rẹ̀ lójú àwọn ènìyàn, ní Brighton, ní Rainbow Theatre ní Lọ́ńdọ̀nù, káàkiri, ó lé ní ọdún kan kí àwo tó jáde ní March 1973. Ohun tí àwọn ènìyàn fi ń sùn, wọ́n yọ ọ́. Ohun tó ṣiṣẹ́, wọ́n fi sílẹ̀. Ẹni tó bá ti bá ẹgbẹ́ orin ṣiṣẹ́ mọ̀ pé kò sí sítúdíò tó lè kọ́ni ní ìyẹn. Lẹ́yìn náà, nígbà tó kù kí wọ́n po ohùn pọ̀, wọn kò fẹnu kò: Waters fẹ́ kó gbẹ, kí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sọ̀rọ̀ yẹn yọ ketekete, Gilmour fẹ́ kó rin, kí ohùn máa dún padà, kí ọ̀rọ̀ fara sin. Wọ́n ní láti pe Chris Thomas wá láti òde kó wá dá sí i. Ohun tí o ń gbọ́ ni àárín ìjà yẹn, bẹ́ẹ̀ ni mo sì rò pé ó dára ju bí ẹnì kan nínú wọn ìbá ṣe dá a ṣe lọ.

Ní ti àwọn olólùfẹ́: ní Amẹ́ríkà, ọ̀sẹ̀ kan péré ni àwo yìí fi wà ní ipò kìíní lórí Billboard, àtẹ àwọn àwo tó ń tà jù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín 1973 sí 1988, ó lo ọ̀sẹ̀ 741 nínú àwọn 200 tó tà jù. Ìyàtọ̀ ọ̀sẹ̀ kan sí 741 yẹn ni kí o wò. Ènìyàn kò rọ́ lọ rà á lọ́jọ́ kan. Ẹnì kan gbọ́ ọ nílé ẹlòmíràn, ó lọ ra tirẹ̀, àbúrò rẹ̀ gbọ́ ọ lábẹ́ ilẹ̀kùn. Mi ò ní sọ pé ìfẹ́ orin nìkan ló tà á. Ìgbà yẹn náà ni ẹ̀rọ sítẹ́ríò ń wọ ilé àwọn mẹ̀kúnnù, àwo yìí sì ni ọ̀pọ̀ fi ń fi ẹ̀rọ tuntun wọn yangàn. Àsọdùn sì wà nínú ọ̀rọ̀ wọn: àwọn kan á sọ fún ọ pé bí o bá tan án pọ̀ mọ́ The Wizard of Oz, fíìmù ọdún 1939, orin á máa bá àwòrán mu. Parsons ti sọ pé kò sí nǹkan tó jọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni Nick Mason tó lu ìlù. Má fi dátà rẹ ṣòfò lórí ìyẹn.

Ibi tí àwo náà kù sí, màá sọ ọ́, kí o má baà rò pé mo ń tà á fún ọ. Bó bá jẹ́ ìlù fújì lo fi dàgbà, ìlù Mason máa dà bí ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀ lójú rẹ. Ó ń fi àyè sílẹ̀, kì í fi ọgbọ́n ọwọ́ hàn. Any Colour You Like dára láàárín àwọn tó yí i ká, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ẹni tó dá a gbọ́. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n prog (rọ́ọ̀kì gígùn tó ta kókó) tó fẹ́ràn ẹgbẹ́ bíi Yes tàbí King Crimson máa sọ fún ọ pé ó ti rọrùn jù, pé orin tí ọmọdé lè kọ tẹ̀ lé kì í ṣe prog. Bákan náà, ìbànújẹ́ tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ gbogbo ènìyàn. Bí o bá gbọ́ ọ bó ṣe yẹ tí kò sì wọ̀ ọ́ lára, ó tán náà nìyẹn, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí mi ò gbà ni kí o fi ọ̀rọ̀ spíkà fóònù dá ẹjọ́.

Bí màá ṣe gbọ́ ọ tí mo bá jẹ́ ìwọ: earpiece ti etí méjèèjì, kò dandan kó wọ́n. Wa gbogbo àwo náà sórí fóònù kí ìpolówó àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì má baà já a. Pa shuffle. Bí crossfade, tó ń da òpin orin kan pọ̀ mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ èkejì, bá wà nínú ètò fóònù rẹ, pa òun náà. Bí o bá rí gapless, tí kì í jẹ́ kí àlàfo wà láàárín orin, tan án. Ìgbà tí NEPA bá mú iná, tí jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé kò tíì bẹ̀rẹ̀, ló dára jù. Gbọ́ ojú kìíní tán, dìde, mu omi, kí o tó gbọ́ ìkejì. Rí i dájú pé ti 1973 lo mú. Àtúnfọ̀, ìyẹn àwọn tí wọ́n tún ohùn rẹ̀ ṣe lẹ́yìn náà, wà lóríṣiríṣi, àwọn olólùfẹ́ ń jà lórí wọn, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wọn kò ní kàn ọ́ nísinsìnyí. Èyí tó ń jẹ́ Redux tó jáde ní 2023, Waters nìkan ló tún un ṣe ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, ó yọ gìtá Gilmour kúrò. Ó ní iyì tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ẹ̀gbọ́n màmá rẹ ní lọ́kàn.

Bí àwọn ọ̀rẹ́ bá ní kí o ra ẹ̀rọ àwo tòkúnbọ̀ torí ẹyọ àwo kan yìí, dúró ná. Ẹ̀rọ tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti jẹ máa ha àwo náà ní ìgbà kan ṣoṣo, ohun tó bá sì ti ha kò ṣe é tún ṣe. Bí o bá máa rà, fi owó abẹ́rẹ́ tuntun kún iye ẹ̀rọ, kí o sì fi àwo tí kò níye lórí dán an wò kí o tó gbé ti ẹ̀gbọ́n màmá rẹ lé e. Bí owó bá ṣì le, earpiece yẹn tó.

Nígbà tó bá pè, sọ bó ṣe rí lára rẹ fún un láìbùmọ́. Bi í léèrè bóyá ìwé àlẹ̀mógiri méjì tó bá àwo yẹn jáde ṣì wà nílé rẹ̀ lọ́hùn-ún: ọ̀kan jẹ́ ti àwọn olórin náà lórí ìtàgé, èkejì jẹ́ ti àwọn píramídì Gíza ní Íjíbítì, àlẹ̀mọ́ kéékèèké sì wà pẹ̀lú wọn. Wo inú páálí rẹ ná, wọ́n lè ṣì wà níbẹ̀ (má jẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ ti ṣọ́ọ̀ṣì kọ́kọ́ rí píramídì yẹn o). Lẹ́yìn náà, fa àwo jáde, di etí rẹ̀ mú, má fọwọ́ kan ojú rẹ̀, kí o wo bébà àárín rẹ̀. Bí o bá rí orúkọ Harvest, ilé iṣẹ́ tó gbé àwo náà jáde, àti nọ́ńbà SHVL 804, tí onígun mẹ́ta ibẹ̀ sì kún fún àwọ̀ búlúù látòkè délẹ̀, tí kì í ṣe ìlà lásán, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ní ìlú Ọba ló fún ọ. Irú ìyẹn, má yá ẹnikẹ́ni, àní èmi náà.